Ojú ewé ìkẹyìn tó lè gba oyè lọ́wọ́ ẹni: Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ṣe lè tọ́jú ìtọ́kasí rẹ̀?

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2011 ni Karl-Theodor zu Guttenberg, tó jẹ́ mínísítà fún ètò ààbò lórílẹ̀-èdè Jámánì nígbà náà, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó kówó ìlú jẹ. Ìwé tó kọ láti fi gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin ní Fásitì Bayreuth ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú ìmọ̀ òfin ló kọ́kọ́ ké gbàjarè pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wà nínú ìwé náà, tí Guttenberg kò sì dárúkọ àwọn tó ni ín. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ti kóra jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń yẹ ìwé náà wò láti ojú ewé dé ojú ewé. Fásitì náà gba oyè rẹ̀ padà lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí mínísítà fi kógbá wọlé.

Kì í ṣe òun nìkan. Lọ́dún 2012, Pál Schmitt, tó jẹ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè Hungary, fipò sílẹ̀ lẹ́yìn tí Fásitì Semmelweis gba oyè tó fún un lórí ìwé tó kọ nípa ìdíje Òlíńpíìkì ní 1992. Nígbà tó di 2013, ó kan Annette Schavan, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Jámánì. Ọdún 1980 ló ti kọ ìwé tirẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ, àmọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, oyè náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì bọ́.

Ìtàn àwọn ọ̀tọ̀kùlú wọ̀nyí lè jọ ohun tó jìnnà sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní Ìlọrin, ní Accra tàbí ní Abomey-Calavi. Àmọ́ ohun tó gba oyè lọ́wọ́ wọn náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi sílẹ̀ di alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀: ìtọ́kasí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì.

Kí ni ìtọ́kasí, kí ló sì wà fún?

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ èdè Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin ń pọ̀ sí i, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùkọ́ máa bi í ni pé: ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìtọ́kasí ni ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn.

Apá méjì ló ní. Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà nínú ọ̀rọ̀ gan-an: orúkọ oǹkọ̀wé àti ọdún tí iṣẹ́ rẹ̀ jáde, tàbí nọ́ńbà kékeré tó ń darí òǹkàwé lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ìkejì ni àkójọ tó máa ń wà ní ìparí iṣẹ́, níbi tí orúkọ oǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé àti ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà jáde máa ń wà lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìlànà, orúkọ tó bá wà nínú ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ, èyí tó bá sì wà nínú àkójọ gbọ́dọ̀ ti jẹyọ nínú ọ̀rọ̀. Olùyẹ̀wò tó mọṣẹ́ kò nílò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó rí ibi tí méjèèjì kò ti bára mu.

Àṣà yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọdé tó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà a máa sọ pé "tótó, ó ṣe bí òwe ẹ̀yin àgbà", kó lè hàn pé òun kọ́ ló ni ọ̀rọ̀. Oníjàálá náà a máa júbà ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kó tó ṣíde eré. Ohun kan náà ni fásitì ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: kó jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ èrò rẹ̀, kó sì jẹ́ ká mọ èyí tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ nígbà tó ń gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, ìtọ́kasí tó péye ló máa fi hàn pé kò dá a sọ láti inú ara rẹ̀.

Kí ló dé tí ìlànà rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

APA, MLA, Chicago, Harvard, Vancouver: orúkọ wọ̀nyí ti da orí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rú. Ìdí tí wọ́n fi pọ̀ ni pé ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ṣe tirẹ̀ bó ṣe bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Wọ́n sábà máa ń tọpa ìlànà Harvard lọ sọ́dọ̀ Edward Laurens Mark, onímọ̀ nípa ẹranko ní Fásitì Harvard, tó fi orúkọ oǹkọ̀wé àti ọdún sínú àmì àkámọ́ nínú iṣẹ́ kan tó gbé jáde ní 1881. Ìwé ìlànà Chicago kọ́kọ́ jáde ní 1906. Ìlànà APA, tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà ṣe, bẹ̀rẹ̀ ní 1929 pẹ̀lú ojú ewé méje péré. Ẹ̀dà keje rẹ̀ ló jáde ní 2019. Ní ti Vancouver, àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn ló pàdé nílùú yẹn ní Canada lọ́dún 1978 láti fẹnu kò lórí ìlànà kan ṣoṣo.

Kò sí èyí tó dára ju èkejì lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó tó kọ orí kìíní, irú èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀ àti ẹ̀dà tí wọ́n ń lò. Lẹ́yìn náà, kó má ṣe da méjì pọ̀.

Níbo ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà?

Ibi àkọ́kọ́ ni èrò pé bí èèyàn bá ti yí ọ̀rọ̀ padà, ọ̀rọ̀ ti di tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ èrò ẹlòmíràn ṣì gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni náà. Bó bá jẹ́ pé bí oǹkọ̀wé ṣe sọ ọ́ gan-an ló fẹ́ lò, àmì ìfàyọ àti nọ́ńbà ojú ewé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ìkejì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa tọ́ka sí ìwé tí kò kà. Ó lè ka iṣẹ́ ẹnì kan, kó rí i pé onítọ̀hún tọ́ka sí ìwé mẹ́wàá, kó sì kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú àkójọ tirẹ̀. Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí méjì ní Fásitì California ní Los Angeles, Mikhail Simkin àti Vwani Roychowdhury, tọpa àṣìṣe ìtẹ̀wé tó wà nínú ìtọ́kasí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Wọ́n rí i pé àṣìṣe kan náà gan-an ló ń hàn nínú iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, èyí tó túmọ̀ sí pé ńṣe ni wọ́n ń da ti ara wọn kọ. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí ogún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń tọ́ka sí iṣẹ́ kan ló ka iṣẹ́ náà gangan.

Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni ti ìwé kan tó ní orúkọ Van der Geer lórí. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Elsevier ló fi ṣe àpẹẹrẹ bó ṣe yẹ kí àwọn oǹkọ̀wé máa to ìtọ́kasí wọn. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé. Síbẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Anne-Wil Harzing kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2017, nǹkan bí irinwó iṣẹ́ ló ti tọ́ka sí i.

Bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tẹ ìwé tó fẹ́ lò, tó jẹ́ pé inú ìwé ẹlòmíràn ló ti rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àbùjá kò sí níbẹ̀: kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kó kọ ọ́ pé lágbájá ló sọ ọ̀rọ̀, àmọ́ inú ìwé làkáṣègbè ni òun ti kà á. Ìwé tó kà gan-an ló máa wà nínú àkójọ.

Ìkẹta ni ìbẹ̀rù nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ fásitì ló ń lo ẹ̀rọ Turnitin láti fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wé ohun tó ti wà nílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ náà kò mọ olè. Ohun tó mọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó jọra. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fà yọ bó ṣe tọ́, àní àkójọ ìtọ́kasí pàápàá, lè hàn nínú èsì rẹ̀. Bákan náà, ẹni tó fi ọgbọ́n yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà láì dárúkọ ẹnikẹ́ni lè rí nọ́ńbà tó kéré, síbẹ̀ kó jẹ́ pé iṣẹ́ oníṣẹ́ ló jí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olùkọ́ ka èsì náà, kó má wo nọ́ńbà nìkan.

Ewu tuntun: ìwé tí AI dá sílẹ̀

Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní ìparí ọdún 2022, akẹ́kọ̀ọ́ lè ní kó wá ìwé mẹ́wàá fún òun lórí ohunkóhun, kó sì rí wọn gbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Orúkọ oǹkọ̀wé máa wà níbẹ̀, ọdún máa wà níbẹ̀, àkọlé á sì dùn ún gbọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wọn lè má sí rárá.

Ìdí ni pé ẹ̀rọ yìí lè dáhùn láì kọ́kọ́ lọ wo orí pẹpẹ ìwé. Ó ti kọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà ó lè to ohun tó jọ ìtọ́kasí bó ṣe lè to gbólóhùn èyíkéyìí. Lọ́dún 2023, William Walters àti Esther Isabelle Wilder gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Scientific Reports. Wọ́n rí i pé márùn-dín-lọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìtọ́kasí tí GPT-3.5 mú wá ni kò sí. Ti GPT-4 dín kù sí méjì-dín-lógún nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ fún ẹni tó fẹ́ gba oyè, ọ̀kan péré ti tó láti ba iṣẹ́ jẹ́.

Àwọn agbẹjọ́rò pàápàá ti kó sí i. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2023, adájọ́ P. Kevin Castel nílùú New York bu owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò kan lórí, nínú ẹjọ́ tí oníbàárà wọn pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Avianca. Wọ́n ti kó ìdájọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ wá síwájú ilé ẹjọ́ bí ẹni pé ó wáyé lóòótọ́.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá àkọlé náà lórí Google Scholar tàbí ní ilé ìkàwé. Bí iṣẹ́ náà bá ní nọ́ńbà DOI, kó tẹ̀ ẹ́ sí iwájú doi.org, kó wo ibi tó máa gbé e lọ. Kó ṣọ́ra o: ẹ̀rọ lè mú DOI tó wà lóòótọ́, kó fi sí ara àkọlé tí kò sí. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá rí, tí kò ṣí, tí kò kà, kò gbọ́dọ̀ wà nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Irinṣẹ́ wo ló lè ranni lọ́wọ́?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń fi ọwọ́ to ìtọ́kasí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà lè bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Lára àwọn tó gbajúmọ̀ ni Zotero, tí Fásitì George Mason ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2006. Inú èdè Albania ni wọ́n ti mú orúkọ náà, látara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí èèyàn mọ nǹkan dunjú. Mendeley náà wà, tó ti di ti Elsevier láti ọdún 2013. EndNote tún wà, àmọ́ owó ni wọ́n fi ń rà á.

Bí Zotero ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ka iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa tẹ bọ́tìnnì kan, orúkọ oǹkọ̀wé, ọdún àti àkọlé á sì wọlé sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kó tẹ nọ́ńbà ISBN tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Nígbà tó bá ń kọ iṣẹ́ nínú Word, á yan ìwé tó fẹ́ tọ́ka sí, ẹ̀rọ á sì fi sí ibi tó yẹ. Níkẹyìn, ẹ̀rọ náà á to àkójọ fúnra rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ní kó yí APA sí Chicago, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Ohun tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà kò nílò dátà mọ́, èyí tó ṣe pàtàkì níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró. Àmọ́ ẹ̀rọ kò gbọ́n ju ohun tí wọ́n fún un lọ. Bí ojúlé kan bá kọ orúkọ oǹkọ̀wé sódì tàbí kó gbàgbé ọdún, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wọlé. Yíyẹ̀ ẹ́ wò ṣì kù sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ló ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, lè lo ìwé àkọsílẹ̀ lásán. Kó ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá kà: ẹni tó kọ ọ́, ọdún, àkọlé, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ìlú, àti nọ́ńbà ojú ewé tó ti rí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lò. Ọjọ́ tó ka ìwé ni kó kọ ọ́. Bí ìwé bá ti padà sí ilé ìkàwé, wíwá nọ́ńbà ojú ewé kan lè gba odindi ọjọ́.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ wa

Orúkọ àwọn oǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà ní wàhálà tirẹ̀. Ní Benin àti Togo, orúkọ ìdílé ló sábà máa ń ṣáájú, tí wọ́n á sì fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ lè rí HOUNTONDJI Paulin, kó sì to ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Benin náà sí abẹ́ lẹ́tà P. Orúkọ ìdílé ni Hountondji, H ló yẹ kó wà.

Ti Yorùbá tún yàtọ̀. Ìwé kan lè kọ Ọlátúnjí pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, kí òmíràn kọ ọ́ láìsí ọ̀kankan. Kọ̀ǹpútà lè rò pé èèyàn méjì ni. Kódà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ ọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ, ojú èèyàn kò sì ní rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Tó bá tún dórí títò wọn, Ọ máa ń tẹ̀lé O nínú ábídí Yorùbá, Ṣ sì máa ń tẹ̀lé S, àmọ́ ẹ̀rọ lè má mọ èyí.

Ohun tó dára jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ bó ṣe wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, kó sì kọ ọ́ bákan náà jálẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ wá ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wá a pẹ̀lú àmì, kó tún wá a láìsí àmì.

Báwo la ṣe ń tọ́ka sí àgbà tó pìtàn fún ni?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹnikẹ́ni tó ń ṣe ìwádìí nípa ìtàn, ewé àti egbò, Ifá tàbí oríkì. Ìwé kọ́ ló ti rí ohun tó mọ̀, ẹnu àgbà ló ti gbọ́ ọ.

Ìlànà APA ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí lórí téèpù tàbí nínú ìwé tí òǹkàwé lè rí, sí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá ẹnì kan sọ. Inú ọ̀rọ̀ nìkan ni orúkọ á ti jẹyọ, kò ní wọ àkójọ ìparí. Èyí lè mú kí àgbà tí gbogbo iṣẹ́ dúró lé lórí má ní àyè kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníwèé. Ní Canada, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Cree, Lorisia MacLeod, ṣe ìlànà tó máa jẹ́ kí orúkọ àgbà, ẹ̀yà rẹ̀, ibi tó ń gbé, ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé àti ọjọ́ tó sọ ọ́ wọ inú àkójọ. Ó gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn KULA lọ́dún 2021. Ní ti Nàìjíríà, àwọn tó ń kọ iṣẹ́ nípa ìtàn sábà máa ń ṣe àkójọ ọ̀tọ̀ fún àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, pẹ̀lú ọjọ́ orí, iṣẹ́, ìlú àti ọjọ́ tí wọ́n rí wọn.

Ọ̀nà yòówù kó jẹ́, àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dárúkọ òun. Ohun kan sì wà tí wọ́n lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kó lè yé e, tí kì í ṣe fún ìwé.

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń ṣe èyí. Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé lẹ́nu àwọn arọ́kin ni òun ti gbọ́ ìtàn ayé àtijọ́. Fún èyí tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, ó dárúkọ àwọn tó sọ ọ́ fún un: David Kukomi ní Ìbàdàn, Josiah Oni tó jẹ́ oníṣòwò, àti Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà lónìí ṣì lè mọ ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ti jáde.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣe láti ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú ìtàn ìwé Johnson. Wọ́n fi iṣẹ́ tó fọwọ́ kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba ní 1899, ibẹ̀ ló sì ti sọnù. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún ìwé náà kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, kó tó jáde ní 1921. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn, ìwé náà ìbá ti parẹ́.

- Ẹ béèrè ìlànà ìtọ́kasí tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín ń lò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.
- Ẹ kọ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìwé kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá kà á, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé.
- Bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ kan kọ bó ṣe wà, ẹ fi àmì ìfàyọ sí i lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má baà gbà pé ọ̀rọ̀ yín ni tó bá di oṣù mẹ́ta.
- Ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì lè parẹ́ lọ́la. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, tàbí kí ẹ fi pamọ́ sí Wayback Machine, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ kà á.
- Ẹ má fún ẹni tó ń bá yín tẹ iṣẹ́ ní fáìlì kan ṣoṣo tí ẹ ní. Ẹ ní ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan sórí fúláàṣì, ọ̀kan sínú ímeèlì.
- Kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ mú àkójọ ìparí, kí ẹ fi orúkọ kọ̀ọ̀kan wé èyí tó wà nínú ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ lórí ìwé kan, bí wọ́n bá ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìwé náà. Bó bá di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, tí iná lọ, tí olùkọ́ alábòójútó sì ń pè lórí fóònù, ọgọ́rùn-ún ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ á máa wá lẹ́ẹ̀kan náà.